Àwa Ọmọ Káàdì Àjẹsára

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí láàárín 1985 sí 1992 ló ní àpá kékeré kan ní èjìká apá òsì, tó rí róbótó bí ẹyọ àgbàdo. Abẹ́rẹ́ ikọ́ ife ló fi í síbẹ̀. Àwọn ìyá wa ní káàdì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, tí nọ́ọ̀sì máa ń fi bíróò kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí, tó sì máa ń fàlà sí láti fi hàn bí ara wa ṣe ń wúwo sí i. Inú báàgì ìwé pàtàkì ni káàdì náà ń gbé, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí àti rìsíìtì owó ilé. Nígbà tí ìdílé bá ń kó kúrò ní Agége lọ sí Sàngó, tàbí kúrò ní Sàngó wá sí Itele níbi tí ilẹ̀ ti dínwó, bí wọ́n tilẹ̀ gbàgbé àga, wọn kì í gbàgbé báàgì yẹn.

Ọmọ òṣìṣẹ́ ni wá. Iṣẹ́ ló kó àwọn òbí wa wá sí ilẹ̀ Àwórì. Bàbá ń ṣe ṣíìfù òru nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin tàbí tí wọ́n ti ń ṣe ike, ìyá ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì. Kò sí ẹni tó sọ fún wa nígbà náà pé káàdì ọwọ́ ìyá wa ní ìtàn. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lẹ́bàá Iléṣà, ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, ti bẹ̀rẹ̀ irú àtẹ ìwọ̀n ọmọdé bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní àwọn ọdún 1950, kí gbogbo ayé tó gbà á lò. Ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó mọ iṣẹ́ tí ọmọ Abẹ́òkúta kan ṣe kí irú káàdì bẹ́ẹ̀ tó dé ọwọ́ ìyá onírẹsì ní Sàngó. Orúkọ tí a ti mọ̀ nítorí Fẹlá, àbúrò wọn olórin, ni: Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ wa tó di dókítà ti dé oríta. Ogójì ọdún ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ti lọ sí òkè òkun, àwọn mìíràn ń dúró kí wọ́n fi wọ́n joyè, àwọn díẹ̀ sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn. Àwọn díẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Olíkóyè, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927. Israel Olúdọ̀tun, bàbá wọn, ló padà di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ gírámà Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀, ìyá wọn, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí. Olíkóyè kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Trinity College ní Dublin, wọ́n parí ní 1954, wọ́n sì di dókítà ọmọdé. Nígbà tó fi máa di 1968, àwọn ni olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó. Ẹni tó bá dé irú ipò yẹn lè jókòó sí ilé ìwòsàn ńlá títí ọjọ́ ogbó, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń pa wọ́n, àti èéyi, àti ibà, àti àìjẹunrekánú. Bí a bá tètè rí i, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbà tí ìyá bá fi máa wọ mólúè dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, omi ara ọmọ ti gbẹ tán.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ojú kúrò lára ibùsùn, wọ́n gbé e lọ sí òpópónà Gbájà ní Sùúrùlérè. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti yẹ ọmọ wò fúnra wọn, láti mọ ohun tó ń ṣe é, láti fún un lóògùn, àti láti mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó rí dókítà. Lónìí, a ń wo nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ibà ọmọ bí ohun tó ti wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Nígbà náà, kí dókítà gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ gba ìgboyà, nítorí iṣẹ́ tí dókítà fi ń jẹ́ dókítà lójú aráyé ni wọ́n ń pín fún ẹlòmíràn yẹn. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni Olíkóyè di olórí. Oyè Mínísítà tí ìjọba Babangida fún wọn ní 1985 wulẹ̀ mú kí ilẹ̀ iṣẹ́ náà fẹ̀ ni.

Dókítà inú ilé ìwòsàn ń ka àwọn tó wá. Dókítà ìlera aráàlú ń ka àwọn tí kò wá. Ọmọ ta ni kò gba abẹ́rẹ́ kejì? Àdúgbò wo ni aboyún ibẹ̀ kò yọjú? Ẹni tí kò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè irú ìbéèrè yìí lórí òpópónà kan, kò lè béèrè rẹ̀ fún odindi orílẹ̀-èdè. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ipò Mínísítà, ẹni ọdún 57, ìbéèrè Gbájà ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Ní 1988 Nàìjíríà ní ìlànà ètò ìlera àkọ́kọ́ tó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè, tó sì fi ilé ìwòsàn àdúgbò ṣe ìpìlẹ̀. Ní 1992 òfin dá àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé sílẹ̀, èyí tó ṣì wà di òní.

Àwa ò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí àwa mọ̀ ni omi iyọ̀ àti ṣúgà. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ìyá á bu omi tó ti sè tó sì ti tutù, á fi ìgò mínírà méjì wọ̀n ọ́n, á bu iyọ̀ àti ṣúgà sí i ní ìwọ̀n ṣíbí tí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ, á sì máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Rédíò ń sọ ọ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ ọ́, ìyá àgbà tí kò kàwé rárá mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí. Ó wù mí kí àwọn tó ń kọ́ni ní ọgbọ́n ìdarí ní hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ronú sí èyí dáadáa. Dókítà kan mú ìmọ̀ tó ti wà nínú ìwé, ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó sì fi í sílẹ̀ fún ìyá. Ọmọ tó bá rù ú là ní òru ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ló gbà á là.

Lẹ́yìn náà ni 1997. Àwọn tó dàgbà jù nínú wa ti ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá. Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ. Gbogbo wa mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìkéde ikú nílẹ̀ wa: lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Kò sí ẹni tí yóò bínú bí ìdílé Kútì bá kọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, Mínísítà àná, kó àwọn oníròyìn jọ, wọ́n sì sọ fún gbogbo ayé pé àìsàn tó jẹ mọ́ éèdì ló pa àbúrò àwọn. Ẹ rántí irú àkókò tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé éèdì kò sí, pé òyìnbó ló hùmọ̀ rẹ̀ kí a má baà gbádùn ara wa. Ní Sàngó, láti ibi ìdúró ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ orin Fẹlá lórí bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá òótọ́ ni. Olíkóyè ti ń kìlọ̀ fún Nàìjíríà nípa àrùn yìí láti ìgbà tí wọ́n wà nípò. Ọjọ́ tó kan ilé wọn, wọn kò yí ohùn padà. Mo ka ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ìgbésí ayé wọn, n kò sì rí èyí tó fi ìwà olórí hàn tó ọjọ́ yẹn. Ó dunni, ó ti ojú ìdílé síta, ó sì gba ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà tí ìran wa gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò, ìtàn àwọn àbúrò wa. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn wa kò rí ohun tí àwa rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò nípò, owó dínkù, fíríìjì abẹ́rẹ́ kú ní ilé ìwòsàn káàkiri, nọ́ọ̀sì ń dúró de owó oṣù. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ìlera ìdílé jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 2003, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé méjì, 13 péré ló ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó yẹ wọ́n. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, tí àrùn náà fi tún tàn kálẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2003 yẹn náà ni Olíkóyè Ransome-Kútì kú sí London. Nígbà tí wọ́n fi tún ṣe irú ìwádìí náà ní 2018, 31 nínú ọgọ́rùn-ún la dé.

Kí ló fà á? Mo gbà pé owó wà nínú rẹ̀, òṣèlú sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ kó ní ẹgbẹ̀rún olórí ní ìjọba ìbílẹ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo ló gbára lé. Olórí kan lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ ní Ìjòkó, ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, ní Itele, láti ọdún dé ọdún, òun ni a kò tọ́ dàgbà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo òbí wa fẹ́ ká di dókítà. Àwọn tó yege Jáḿbù nínú wa lọ sí Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó. Àwọn mìíràn gba Àgọ́-Ìwòyè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní Ṣàgámù. Ìyanṣẹ́lódì sọ ọdún mẹ́fà di mẹ́jọ fún àwọn kan. Wọ́n ṣe housemanship ọdún kan, wọ́n ṣe àgùnbánirọ̀ ọdún kan, lẹ́yìn náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wá yan ọ̀nà. Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ fẹ́, tàbí ìtọ́jú àwọn obìnrin. Nígbà tí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ nílé pé ìlera aráàlú ni òun fẹ́ kọ́ síwájú, ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ṣé wolé-wolé lo wá kàwé tó báyìí dà?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mo rò pé ìyá náà sọ ju ohun tó mọ̀ lọ, nítorí wolé-wolé ayé àtijọ́, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, ń ṣe ìlera aráàlú kí orúkọ iṣẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀nà náà gùn. Ọ̀pọ̀ ọdún residency ló wà níbẹ̀, àti ìdánwò àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà ti Nàìjíríà àti ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láti 2008 sì ni ètò kan ti wà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ń tọpa àjàkálẹ̀ àrùn, kì í ṣe nínú kíláàsì nìkan, ibi tí àrùn bá ti ṣẹ̀ ni wọ́n ń rán wọn lọ. Irú ẹ̀kọ́ ojú oko bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá: láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ lọ gbé ní Ìgbó-Ọrà, kí wọ́n lè rí bí aláìsàn ṣe ń gbé kó tó di aláìsàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ní iṣẹ́ ìdènà àrùn, ló darí ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru fún Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1976 títí di 1986. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Oṣótìmẹ́hìn, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí, kúrò ní ipò ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Ìbàdàn, ó ṣe olórí àjọ tó ń gbógun ti éèdì, ó di Mínísítà ní 2008, láti 2011 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 2017 ló sì ń darí àjọ UNFPA ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwọn ọ̀nà tó jìn bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ lóòótọ́.

Ohun tó yí ojú àwọn ará ilé padà ni Ebola. Ní oṣù Keje 2014, Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn tó ti Liberia wá jáde sí ìgboro Èkó. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn tó tẹ̀lé ẹsẹ̀ àrùn náà lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n wá ènìyàn 894 rí, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn wọn lójoojúmọ́ láti wọn ìgbóná ara, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹgbẹ́ wa. Ogún ènìyàn ló kó àrùn náà, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, ó parí. Ìyá tó sọ̀rọ̀ wolé-wolé ń fi àwòrán ọmọ rẹ̀ han gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kòrónà, èyí tó gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020, ará Ítálì tó wá ṣiṣẹ́ ní Ewékorò ni, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta tó gba Ìfọ̀ àti Sàngó lọ sí Èkó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti Èkó pa ní ìparí oṣù Kẹta, wọ́n ti Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tó ń sùn ní Itele ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà.

Ọ̀rọ̀ ààlà yìí ló jẹ́ kí n máa wo Itele bí ibi tí dókítà ti lè kọ́ iṣẹ́ olórí ju ibikíbi lọ. Èkó ni Àyọ̀bọ̀, Ògùn ni Itele, ọ̀nà tó burú ló so wọ́n pọ̀. Ilé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, omi ìjọba kò sì dé. Oníkálùkù ló ń gbẹ́ kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù tirẹ̀ sórí ilẹ̀ kékeré tó tún gbẹ́ ṣáláńgá sí. Bí òjò bá rọ̀ tó sì kún bo ilẹ̀, ẹni tó bá mọ àrùn onígbáméjì mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Èéfín ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn òbí tó ń ṣe ṣíìfù wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń dúró dè wọ́n ni wọ́n ń sùn.

Mo tẹ̀lé ẹgbẹ́ wa kan, obìnrin tó jẹ́ dókítà ìlera aráàlú, wọ àdúgbò kan níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí màmá àgbàlagbà kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà," màmá dáhùn, "ṣùgbọ́n ọmọ tiwa, Àyọ̀bọ̀ la ti ń gba abẹ́rẹ́ ẹ̀."

"Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Ẹ jẹ́ n rí káàdì ẹ̀."

"Ọwọ́ ìyá ẹ̀ ló wà. Ìyá ẹ̀ sì ti lọ sí ṣíìfù."

Dókítà kò bá a wí. Ó béèrè ìgbà tí ìyá ọmọ máa ń dé, ó béèrè ọjọ́ tí kì í lọ síbi iṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ó sọ fún mi pé ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀: abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní Èkó, ìkejì ní Ògùn, ìkẹta kò sí níbì kankan, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti ìhín kò sì mọ ti ọ̀hún. Èkó rò pé ọmọ ti wà ní Ògùn, Ògùn rò pé ọmọ Èkó ni.

Ẹ̀kọ́ olórí ni ohun tí mo rí pé ó ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ tí mo fi tẹ̀lé e. Ó lọ bá Ìyálọ́jà, ó lọ bá ààfáà àti pásítọ̀, ó jókòó nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò títí tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ gọ́tà tán kí wọ́n tó kàn án. Ó wọ ọ́fíìsì máníjà ilé iṣẹ́ láti bẹ̀bẹ̀ kí àwọn ìyá lè fi wákàtí kan gbé ọmọ wá. Ó mọ ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ fíríìjì, nítorí pé abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8, láti Abẹ́òkúta títí dé apá ọmọ. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì láti wo àmì onígun mẹ́rin tó wà láàárín òbìrìkìtì lára ìgò: bí ó bá ti dúdú tó òbìrìkìtì náà, ooru ti ba abẹ́rẹ́ jẹ́, kí wọ́n dà á nù. Kò sí èyí tí wọ́n bi í nínú ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì bó ṣe yẹ. Kò sí èyí tí ó ń mú ìgbéga wá kíákíá. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ìlàjì ìlàjì ohun tí àwọn tó jọ jáde ilé ìwé ń gbà ní Mánṣẹ́sítà, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà pé ó lọ. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù mélòó kan tó sì ní ọmọ nílé, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi jápa bú u.

Mo bi í léèrè bóyá ó ń retí láti di kọmíṣánnà lọ́jọ́ kan. Ó ní òun kò tíì parí Itele.

Èyí ló mú mi ṣírò ọjọ́ orí. Nígbà tí Olíkóyè Ransome-Kútì ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Gbájà, nǹkan bí ẹni ogójì ọdún ni wọ́n. Ibi tí àwa wà gan-an nìyẹn. Ọdún bíi méjìdínlógún ló ṣì kù kí wọ́n tó di Mínísítà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn ẹgbẹ́ wa tó ti dé ọ́fíìsì ńlá ní Abẹ́òkúta, ní Alausa àti ní Abuja má ṣe béèrè lọ́wọ́ dókítà ìjọba ìbílẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò wá bá wọn níbẹ̀. Kí wọ́n fún un ní ọkọ̀ tó lè gba ọ̀nà Itele kọjá nígbà òjò. Kí wọ́n fi owó epo fíríìjì sínú ìṣirò ọdún, kó má jẹ́ àpò ara rẹ̀ ni yóò máa mú un jáde. Kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì Àyọ̀bọ̀ jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì kan náà, kí wọ́n sì pe orúkọ àwọn ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.